Sésé Kò Ní Èènì

Ẹ̀rọ ìlọta àkọ́kọ́ tí mo dá tún ṣe ní Ifangni ní irin pẹlẹbẹ kan lára. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, wọ́n fi ìṣó kéékèèké mẹ́rin kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Epo àti ìyẹ̀fun àgbàdo ti bò ó. Nígbà tí mo fi àkísà nù ún, mo rí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i: 7,5 kW. 10 CV. 1 450 tr/min. 380 V. 50 Hz. Mo lóṣòó síwájú rẹ̀, mi ò dìde. Obìnrin tó ni ẹ̀rọ náà bi mí bóyá mo ti rí ohun tó ń ṣe é. Mo ní rárá, ìwé ni mò ń kà. Ó wo mọ́tò, ó wò mí, ó ní, "Ìwé wo?"

Ìwé tí mò ń sọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà á, mi ò sì tíì kà á tán.

Mi ò lọ jìnnà ní ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi ọwọ́ àti etí mọ ẹ̀rọ. Bí mọ́tò bá ń kùn, á gbé etí sún mọ́ ọn, á ní, "Àwọn ọta bẹ́árìn inú rẹ̀ ti jẹ," kò sì ní ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n kò ka irin pẹlẹbẹ yẹn rí. Ó ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ara wọn. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ sínú ìwé kan tí mo so mọ́ àpótí iṣẹ́ mi. Mo ń ṣa àwọn ìwé pélébé tó máa ń wà nínú páálí ẹ̀rọ tuntun, èyí tí àwọn oníṣòwò Igolo máa ń jù nù tàbí tí wọ́n fi ń di àkàrà. Ní ẹnubodè wa, páálí kan lè ti Kútọnu wá pẹ̀lú èdè Faransé, kí èkejì ti Ìdí-Ìrókò wọlé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń tẹ́ àwọn méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ń wá èyí tó jọra nínú wọn bí ẹni tó ń wá ìbejì láàárín èrò ọjà.

Ibi tí Faransé ti kọ tr/min, Gẹ̀ẹ́sì kọ rpm: iye ìgbà tí mọ́tò ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ibi tí Faransé ti kọ CV, Gẹ̀ẹ́sì kọ HP. Ẹṣin ni àwọn méjèèjì, agbára ẹṣin kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ dáadáa, mo rí i pé ẹṣin Gẹ̀ẹ́sì fi nǹkan bíi wáàtì mẹ́wàá lágbára ju ẹṣin Faransé lọ. Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá lọ àgbàdo lọ́jọ́ yẹn. Bàbá àgbà kan láti Tchaada gbọ́ ọ tán, ó mi orí, ó ní, "Á jẹ́ pé koríko tọ̀hún ló dára jù."

Ọkùnrin kan tún ra mọ́tò láti òdìkejì ẹnubodè. Wọ́n kọ 1,500 rpm sí i lára. Ó ka kọ́mà yẹn bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé, níbi tí kọ́mà ti ń ya odidi nọ́ńbà kúrò lára àjẹkù rẹ̀. Ó sáré wá bá mi pẹ̀lú òógùn lójú: wọ́n ti lù ú ní jìbìtì, mọ́tò tó ń yí lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n tà fún un. "Ṣé ọdún kan ni kí n fi lọ àgbàdo agolo kan ni?" Mo ṣàlàyé fún un pé ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni, pé ní òdìkejì, kọ́mà yẹn kàn ń fi ààyè sílẹ̀ kí ojú lè sinmi ni. Ó wá ní, "Ìrìn ìṣẹ́jú mélòó ló wà láàárín àwa àtàwọn, tí kọ́mà fi yí ìwà padà lọ́nà?"

Mo kàn mọ̀ pé ohun ìyanu ni.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí gan-an ni mm. Lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rò pé mítà méjì ni. Ìgbà tó yá ló yé mi pé m àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ m kejì rárá. M kejì ni iṣu, m àkọ́kọ́ ni ọ̀bẹ. Ó gé mítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ó sì mú ọ̀kan nínú rẹ̀ fún ọ. Ọ̀bẹ kan náà ló wà nínú mg àti nínú mL. Bí o bá sì ṣèèṣì fi M ńlá sí ipò m kékeré níwájú W, ohun tí kò tó tan gílóòbù kan á di iná tó lè tàn ní ìlú kan odindi. Ẹsẹ̀ lẹ́tà kan péré! Lẹ́yìn ìgbà yẹn, bí mo bá rí Kg lára àpò símẹ́ǹtì, pẹ̀lú K ńlá gàgàrà, ara mi máa ń yún mi.

Wọ́n ní òfin tiwọn, òfin náà sì mọ́ tónítóní. Wọn kì í fi àmì ìdánudúró sí ìdí wọn. Wọn kì í yí padà bí wọ́n bá di púpọ̀: 1 kg, 100 kg. Àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín nọ́ńbà àti àmì, bí a ṣe máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wa àti àgbàlagbà nígbà tí a bá ń kí i. Lítà nìkan ni wọ́n gbà kí a fi lẹ́tà kékeré tàbí ńlá kọ, nítorí l kékeré jọ 1 jù, èèyàn lè ka lítà kan bíi mọ́kànlá. Mo máa ń ronú nípa èyí. Ẹnì kan níbì kan ti jókòó, ó ro ti ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ó sì fi lẹ́tà ńlá kan tọrẹ fún un. Mi ò mọ èdè tí ẹni náà fi ń kí ìyá rẹ̀. Òun náà kò mọ Ifangni. Síbẹ̀ ó kọ L, ó sì yé mi.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ èmi dàgbà nínú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Gààrí ni ìyá wa tà ní Igolo títí ó fi darúgbó. Tóńgólò ló fi ń wọ̀n ọ́n, agolo tí à ń lò níhìn-ín bí àwọn ará òdìkejì ṣe ń lo kóńgò. Á bù ú kó ga sókè bí òkìtì ọ̀gán, á dà á sínú àpò oníbàárà, lẹ́yìn náà á tún fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e. Díẹ̀ yẹn ni èènì. Ẹni tó bá wọn nǹkan tí kò fi èènì sí i, ahun ni. Àwọn èèyàn kì í padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe dàgbà nìyẹn: a kò mọ ìwọ̀n kan tó parí síbi tí agolo parí sí. Ìwọ̀n ń parí síbi tí inú rere ẹni tó ń wọ̀n ọ́n bá parí sí.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ń gbé ní Ko-Koumolou. Gato, èyí tí wọ́n ń pè ní kéèkì ní òdìkejì, ló ń ṣe, ti ìsọmọlórúkọ, ti ìgbéyàwó, ti Iléyá. Ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Àjàṣẹ́, ó sì ní ìwé kan tó kọ gbogbo rẹ̀ sí, tí bọ́tà ti jẹ́ kí ojú ewé rẹ̀ máa dán. Èmi náà fẹ́ràn ìwé yẹn, nítorí pé ó kún fún àgékúrú: 250 g, 3 cs, 2 cc. Ṣíbí ìjẹun ni cs. Ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń po kọfí ni cc. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìwé rẹ̀ àti irin pẹlẹbẹ tèmi, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ á ní, "Ìwọ Mílímẹ́tìrì yìí, tìrẹ kò ṣeé jẹ."

Ní ọdún tó kọjá, ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa ra ẹyin káàkiri. Ó kọ́ ilé adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì kó igba òròmọdìẹ wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, n kò rí i kó dáwọ́ lé nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó ní ló wà nínú ilé yẹn, tó ń ké ṣíóṣíó. Nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́fà ti kú, ogúnlọ́gọ̀ sì ń wárìrì ní igun ilé, ìyẹ́ wọn dúró ṣánṣán. Ó pe dọ́kítà ẹran. Ṣùgbọ́n nígbà tí dọ́kítà fi máa dé, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé gato oníbàárà kan lọ, kò sì lè sún un síwájú. Dọ́kítà wo àwọn adìẹ, ó fi ìgò oògùn kan sílẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, pẹ̀lú ìwé pélébé kan, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí abúlé mìíràn.

Èmi wà ní ẹnu iṣẹ́ ní Ifangni, mo ń yí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta padà, nígbà tí fóònù mi dún. Àwọn obìnrin tó ń dúró de àgbàdo wọn ń sọ̀rọ̀ sókè. Mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí.

"Alóò! Mílímẹ́tìrì!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀ o. Àwọn adìẹ ńkọ́?"

"Ọlọ́run ń bẹ. Gbọ́, sésé tí wọ́n ń kọ, c àti c, kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Kí ló dé tí ó fi bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀! Ṣe ni inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. "Ah, sésé! Ti mọ́tò ni. Ẹ rí alùpùpù tí wọ́n ń pè ní ọgọ́rùn-ún yẹn, 100 cc ni. Iye àyè tó wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni. Ní Ìdí-Ìrókò, sísí ni wọ́n ń pè é. Bàbá wa ì bá rò pé owó sísì ni wọ́n ń sọ! Àwọn nọ́ọ̀sì náà..."

"Gato ni mo fi mọ̀ ọ́n ní tèmi," ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. "Bọ́n, ó ti yé mi. Ó dàbọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ń tún "gato, mọ́tò, gato, mọ́tò" sọ jẹ́jẹ́ bí mo ṣe ń fún bóòtù. Ìgbà tó yá, ọwọ́ mi dúró. Mo rántí ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Ariwo ilé ìdáná kọ́. Ṣíóṣíó ni.

Mo pè é padà. Kò gbé e. Mo tún pè é. Kò gbé e. Bí ó bá ti wọ ilé adìẹ, ó máa ń fi fóònù sílẹ̀ lórí àga, nítorí pé ó bọ́ sínú omi nígbà kan. Cc ti nọ́ọ̀sì jẹ́ mL kan, èyí tí kò kún ojú ìka. Cc ti ìwé gato jẹ́ ṣíbí kọfí, èyí tó jẹ́ mL márùn-ún. Lẹ́tà méjì kan náà ni. Èmi tí mo mọ̀ wọ́n ju gbogbo èèyàn Ifangni lọ, mo ti fi ikùn ẹ́ńjìnnì dá a lóhùn.

Mo sọ fún àwọn obìnrin pé mo ń bọ̀. Wọ́n ní, "Ta ni yóò lọ àgbàdo wa?" Mo ti ń sáré. Mo mú síríńjì tuntun kan nínú àpótí mi, irú èyí tí mo fi ń kán ọ́ìlì sí ojú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì tú eléyìí nínú ọ̀rá. Mo gun zẹ́mì, ọ̀kan lára àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò.

"Ko-Koumolou. Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá."

"Ṣé ẹnì kan ń kú ni?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Èèyàn mélòó?"

"Igba."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ̀wọ́ ọwọ́ alùpùpù rẹ̀. "Igba kẹ̀!"

"Adìẹ ni."

Ó fi ẹ̀rín bú jáde, ó sì tún tẹ iná sí i. "Ọ̀gá, ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Mo ti ń ka àdúrà."

Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi wà ní ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ, ó gbé agolo ìmumi kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Oògùn náà ti sọ omi di àwọ̀ ọsàn. Mo gbọ́ tí ó ń sọ pé, "Bísímílà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró! Ẹ má gbé e wọlé!"

Ó yíjú padà. "Kí ló dé? Ta ló kú ní Ifangni?"

"Ẹ ti fún wọn?"

"Agolo kan ṣoṣo ni mo tíì gbé sílẹ̀ fún àwọn tó wà ní igun, àwọn tó rẹ̀ jù. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Kí ló ṣe ọ́, o ń mí bí ajá?"

Mo kọjá lára rẹ̀, mo gbé agolo tó wà ní ilẹ̀ jáde. Ó ti lọ sí ìdajì. Ó bá mi jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó fa ìwé pélébé náà yọ nínú ìró rẹ̀, ó nà án sí mi. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: *1 cc / L, 5 j*.

"Mo wọn garawa kan, lítà mẹ́wàá," ó wí. "Ṣíbí mẹ́wàá ni mo dà sí i. Mo tún fi èènì díẹ̀ lé e, nítorí pé ó rẹ̀ wọ́n."

Èènì! Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé ìgò oògùn wá. Ara ìgò náà, wọ́n kọ 100 mL sí i, ó sì ti lọ kọjá ìdajì.

"Tèmi ni pé sésé yìí kì í ṣe ti ṣíbí," mo wí. "Ti síríńjì ni."

"Ta ló sọ fún ọ? Ṣé ìwọ lo kọ ọ́ ni? Ní wákàtí kan sẹ́yìn, o ní ti mọ́tò ni."

Ó gún mi, nítorí pé òótọ́ ni. Mo pe dọ́kítà. Fóònù rẹ̀ kò wọlé. Òròmọdìẹ kan ń dún nínú ilé, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Wọn kò lè wà láìmu oògùn, a kò sì lè fún wọn ní èyí tó wà nílẹ̀ bí mo bá gba ohun tí mo rò gbọ́. Bí èmi ló sì ṣì í, tí oògùn tí kò tó ni mo ní kó fún wọn, wọ́n á kú náà. Mo tún wo ìwé náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà lórí rẹ̀, bí a bá lè pè wọ́n ní ọ̀rọ̀. Mo ti wo àkọ́kọ́ àti èkejì jù, mi ò wo ẹ̀kẹta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi mélòó ni wọ́n ń mu lóòjọ́?"

"Garawa méjì. Ọ̀kan ní àárọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ìrun àìlá."

"Lítà ogún. J yìí, ọjọ́ ni. Ọjọ́ márùn-ún ni ó ní kí ẹ lò ó."

"Mo mọ ìyẹn."

"Lítà ogún lọ́nà márùn-ún?"

Ó ń wo ìgò náà. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ó bá ń ṣírò iye ìyẹ̀fun tí gato ọgọ́rùn-ún èèyàn yóò gbà. Èmi náà ń ṣírò. Ọgọ́rùn-ún lítà. Ọgọ́rùn-ún mL. Bí sésé bá jẹ́ ti síríńjì, ìgò náà yóò tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, kò ní ṣẹ́kù, kò ní dín. Bí ó bá jẹ́ ṣíbí, kò ní rí ọjọ́ kejì.

"Ó ti lọ ju ìdajì lọ ní garawa kan," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ jẹ́jẹ́. "Mo rí i pé ó ń tán. Mo rò pé ìgò náà ni wọn kò kún fún mi dáadáa." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Subuhánállàhí. Ìlọ́po márùn-ún."

"Àti èènì."

"Àti èènì," ó wí.

Mo ti ń ka àwọn àmì yìí láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí wọn báyìí rí. L, mL, j: ẹnì kan kọ wọ́n pẹ̀lú ìkánjú lórí ìwé tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, ẹlòmíì tẹ̀ wọ́n sára ìgò ní ilẹ̀ tí mi ò mọ̀. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn. Síbẹ̀, nígbà tí a fi ọ̀rọ̀ wọn síwájú ara wọn, wọ́n bára mu bí ilẹ̀kùn àti férémù, wọ́n sì sọ òtítọ́ fún wa nígbà tí fóònù ẹni tó kọ ọ́ kò wọlé. Ara mi bù máṣọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró yanu ní tirẹ̀. Ó ti da garawa náà nù sí ìdí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń fọ àwọn agolo. A po tuntun. Mo fa mL mẹ́wàá sínú síríńjì, mo nà án sí i kó fi ojú ara rẹ̀ rí ilà náà. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú omi. Ó dúró, ó ń wo síríńjì.

"Ó kéré."

"Ó kéré, ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó kéré."

Àwọn tó ti mu ti àkọ́kọ́ kò ṣòro láti mọ̀: àwọ̀ ọsàn wà ní ẹnu wọn. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. A kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá tí ó fi ń kó gato, a gbé omi lásán síwájú wọn, ó sì jókòó tì wọ́n. Kí oòrùn tó lọ sílẹ̀, dọ́kítà pe padà. Ohun tí a ṣe náà ló ní ká ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ wá, ó mú ìgò mìíràn dání. Ó wo inú apẹ̀rẹ̀ náà, ó káwọ́ lérí.

"Màmá, sésé ni mo kọ. Ta ni kò mọ sésé?"

"Èmi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èmi lẹ kọ ọ́ fún, ẹ kò kọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì."

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó tẹrí ba. Lẹ́yìn náà ó béèrè ṣíbí tí ó lò. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e wá, ṣíbí kékeré tó ti ń bá a bọ̀ láti Àjàṣẹ́, tí etí rẹ̀ ti jẹ. Dọ́kítà dì í mú, èmi fi síríńjì kán omi sí i díẹ̀díẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ orí sún mọ́ ọn. Ó kún ní márùn-ún, kò dà. Mo tún kán an. Omi náà wú sókè ní ojú ṣíbí bí ẹ̀yìn ìjàpá, ó ń dán, kò sì dà títí a fi dé mẹ́fà.

"Mẹ́fà," mo wí.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Láti gbogbo ọdún yìí wá! Ṣíbí fúnra rẹ̀ ti ń fi èènì sí i, èmi ò mọ̀."

Nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, mẹ́rin kú. Nínú àwọn tó kù, mẹ́ta kú. Bóyá àrùn ló pa àwọn mẹ́rin yẹn, bóyá ṣíbí ni, bóyá ìdáhùn tí mo fún un lórí fóònù ni, mi ò ní ohun ìwọ̀n tí mo lè fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kò bi mí. Dọ́kítà kò kọ cc mọ́. mL ló ń kọ, pẹ̀lú L ńlá, ó sì máa ń fa ilà sí abẹ́ rẹ̀. Síríńjì náà so mọ́ ìṣó ní ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ. Ṣíbí wà ní ilé ìdáná. Wọn kì í pàdé.

Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó pè mí pé kí n wá kíákíá, kí n mú òṣùwọ̀n mi dání. Ẹyin àkọ́kọ́ ni, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, a sì dúró kí nọ́ńbà náà fara balẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: 41 g. G kékeré, àlàfo láàárín, láìsí àmì ìdánudúró. Ó bẹjú wo ojú ewé náà lórí èjìká mi.

"Kọ ọ́ ní àádọ́ta. Àkọ́bí ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò ṣeé ṣe."

"Ahun," ó wí.

Nígbà tí mo tún lọ kí i, adìẹ tó ń yé ti pọ̀. Ó ka ẹyin mẹ́wàá sínú ọ̀rá fún mi. Mo ti dé ojú ọ̀nà nígbà tó pè mí padà, ó fi ọ̀kan sí i.

"Mọ́kànlá," mo wí.

"Mẹ́wàá ni. Ka èyí tí mo kà fún ọ. Má ka èyí tí mo fi lé e."